Ọ̀rọ̀ Kẹtàlá

Kànga ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà yìí. Kí n má purọ́, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n di ẹ̀bi ru kànga. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fẹ́ mọ̀ bóyá omi ti ga díẹ̀ nínú kànga ẹ̀yìnkùlé mi ní Kábbà. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á ju òkúta kékeré sí i, á sì gbọ́ bó ṣe dún. Èmi tan iná fóònù, mo na ọwọ́ sínú kànga, mo na ọrùn tẹ̀lé e. Ohun tí mo gbọ́ ni "gbúlú". Omi wà níbẹ̀ dáadáa.

Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná. "Kí ló jábọ́?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan."

Ó wo ọwọ́ mi, ó wo kànga. Ó ní, "Ṣé kò-sí-nǹkan tí a rà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn yẹn náà ni?" Ó sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Tíṣà ìṣirò ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílùú wa, ẹni tó bá sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nídìí ìṣirò máa ń rò pé àṣìṣe kò mọ ilé òun. Ohun tó wà nínú fóònù yẹn ju àwòrán àti nọ́ńbà àwọn èèyàn lọ. Kírípítò mi wà níbẹ̀, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo rẹ̀ kiri. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni ló fà mí wọ̀ ọ́ ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Lọ́kọ́jà. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń rà á pamọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣe, ìyàwó mi nìkan ni mo sì sọ ọ́ fún: mo fẹ́ pààrọ̀ páànù ilé bàbá wa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Títì ni ó pín ilé bàbá wa àti ilé tèmi níyà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú, àwọn ọmọ wọn ti fọ́n ká sí ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà ní òun ò ní kúrò nílé ọkọ òun. Ọmọ Òkè-Bùkún ni, lápá Bùnù. Páànù ilé yẹn ti jẹ tán. Bí òjò bá ti ṣú, abọ́ mọ́kànlá ló máa ń tò káàkiri inú ilé, ó sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jókòó sí. Ibi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó jẹ́ pé agbada ńlá ló ń gbà á.

"Ìyàwó wa" ni mo ń pè é láti kékeré. Òun náà kì í pe orúkọ mi. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ọmọ tó bá nílé ọkọ lórí, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Á fún oníkálùkù lórúkọ tí òun fúnra rẹ̀ á máa pè é. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Ọjọ́ náà gan-an ló fún mi ní tèmi, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń fi pè mí láyé yìí. Láràárọ̀, bó bá ti ń gbálẹ̀, á fi ariwo pe orúkọ náà láti òdìkejì títì, á ní "Okun o!", bí a ṣe ń kíra lọ́dọ̀ wa, èmi náà á sì dá a lóhùn. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí pé àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ̀wé kà, wọn ò sì láàánú.

Nígbà tí mo ṣí àpò kírípítò yẹn, fóònù kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjìlá fún mi, ọ̀rọ̀ tí kò bá ara wọn tan rárá. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀, fèrèsé wà níbẹ̀, ìbínú náà wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní bí fóònù bá sọnù, kí n tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra sínú fóònù mìíràn, owó mi á yọjú. Ó ní kí n má fi han ẹ̀dá alààyè. Mo kọ wọ́n sórí bébà, mo fi ọ̀rá wé e, mo sì gbé e fún ìyàwó wa kó bá mi fi sínú àpótí. Inú àpótí yẹn ni ìwé ilẹ̀ wa wà, ibẹ̀ náà ni ìwé ọjọ́ìbí gbogbo wa wà, láàárín àwọn aṣọ tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ hun ní Bùnù, tòun ti káńfọ̀. Kò bèèrè ohun tó wà lórí bébà náà. Ó kàn ní, "Ṣé kì í ṣe nǹkan tí eku ń jẹ?" Mo ní rárá. Ó ti àpótí, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kànga, mo ra fóònù mìíràn, mo gba bébà mi lọ́dọ̀ rẹ̀, mo jókòó ti tábìlì mi bí ẹni tó fẹ́ ṣètò ìdánwò. Mo tẹ ọ̀rọ̀ méjèèjìlá. Àpò ṣí. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo pa fóònù, mo tún un tàn, mo tún wọn tẹ̀. Òfo ni. Mo bọ́ dígí ojú mi, mo nù ún, mo tún wò. Òfo náà ni.

Orí mi gbóná. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rò ó fún yín, torí ṣe ni mo rò ó bí ẹni tó dúró níwájú pátákó. Ọ̀rọ̀ méjìlá ló ń ṣí àpò. Ẹni méjì péré ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ méjìlá wà. Èmi ò jí owó ara mi. Ìdáhùn ti jáde nìyẹn. Mo tiẹ̀ fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi, mo sì dìde.

Mo bá ìyàwó wa lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ níbi tó ti ń pa ẹ̀gúsí. Bó ṣe rí mi, ó pe orúkọ yẹn, ó ní, "Okun o! Kí ló mú ojú rẹ le báyìí?"

Mi ò kí i padà. Mo ní, "Ìyàwó wa, ta lẹ fi bébà mi hàn?"

"Bébà wo? Èyí tí o gbà lánàá? Ṣé mo mọ̀ ọ́n kà ni, tí màá fi fi han ẹlòmíràn?"

"Owó tó wà níbẹ̀ ti lọ."

"Owó wà nínú bébà?" Ẹ̀rín fẹ́ máa bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ẹ̀yin nìkan lẹ mú kọ́kọ́rọ́ àpótí yẹn dání. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ gbé e, àwọn ọmọ yín tó wálé ọdún ni ẹ fún kà."

Ó gbé ọpọ́n ẹ̀gúsí kúrò lórí ẹsẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbọn ọwọ́. Ó ní, "Tíṣà." Láti ogójì ọdún, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Tíṣà, ẹ ti pè mí lólè nílé ọkọ mi. Mo ti gbọ́. Ẹ máa lọ sílé yín."

Ó ń sọ "ẹ" sí mi. Èmi tó fi ọ̀já pọ̀n lọ gba abẹ́rẹ́ nígbà tí ara mi ò yá. Àyà mi já díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí àyà mi ń wí. Mo sọdá títì padà, mò ń gbé ẹsẹ̀ bí ọkùnrin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìgbálẹ̀. Mi ò gbọ́ orúkọ mi. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo ń fọ ẹnu mi lójú fèrèsé, mo dá a dúró, mo ń tẹ́tí. Ìgbálẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó mi sọdá lọ kí i, ó sì bọ̀ pẹ̀lú ojú tó pọ́n.

Ó ní, "Ó ń di ẹrù. Ó ní ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé òun lọ Òkè-Bùkún ní Sátidé, pé òun ò ní gbé ilé tí wọ́n ti pe òun lólè. Ó ní kí ẹ wá ẹni tí á máa to abọ́ yín fún òjò."

Mo ní, "Ìṣirò ni mo ṣe. Mi ò ṣe é pẹ̀lú ìkà."

"Ìṣirò yẹn náà ló na fóònù sínú kànga."

Mo jáde nílé. Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà nítòsí ọjà. Ọmọ kíláàsì mi ni nígbà kan. Mo rántí pé mo fún un ní méjì nínú ogún rí, tí mo sì sọ lójú gbogbo kíláàsì pé kò ní wúlò fún ohunkóhun tó ní nọ́ńbà nínú. Òun náà rántí. Ó fún mi ní àga, ó ní, "Ẹ káàsán sà, ẹ jókòó," pẹ̀lú ẹ̀rín kan báyìí.

Mo ro ẹjọ́ mi. Mo na bébà sí i. Ṣe ló yí ojú sí ògiri kíákíá. "Ẹ fi pamọ́, sà! Ẹ ò gbọdọ̀ fi han èmi náà. Ẹni tó bá sọ fún yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé òun á bá yín gba owó yín, tó ní kí ẹ fún òun ní ọ̀rọ̀ yẹn, olè ni." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè pẹ̀lú ẹ̀yìn tó kọ sí mi. Ṣé mo tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bí n bá ṣi ọ̀kan tò ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni fóònù kò ní gbà á rárá. Ṣé áàpù kan náà ni mo lò? Ó ní bí áàpù bá yàtọ̀, ó lè gba ọ̀nà mìíràn lọ wá owó, kó má sì bá a. Mo ní òun náà ni. Ó wá ní, "Ṣé nọ́ńbà àpò yín àtijọ́ wà níbì kan, èyí tí ẹ fi ń gbowó?"

Mo rántí pé mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi rí. A pè é ní Lọ́kọ́jà, ó wá a títí ó fi rí i lórí fóònù rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ó ní gbogbo ayé ló lè dúró níta wo ohun tó wà nínú irú àpò bẹ́ẹ̀, àfi pé ẹni tó ni ín nìkan ló lè wọlé. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi.

"Owó yín rèé, sà. Kò lọ síbì kankan. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń rà á, kò sí ẹni tó mú nǹkan kan jáde níbẹ̀."

Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ọpọ́n ẹ̀gúsí. Ojú tì mí débi pé mo ń wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọmọ yẹn bíi pé mo sọ nǹkan nù síbẹ̀. Olóòótọ́ ni ìyàwó wa. Ó pa bébà mi mọ́ fún ọdún mẹ́rin, kò jẹ́ kí eku fọwọ́ kàn án, èmi ni mo lọ pè é lólè lẹ́nu ọ̀nà ọkọ rẹ̀.

Oníṣẹ́ fóònù ò mọ ohun tí mò ń rò. Ó ní, "Ilé tí bébà yín ń ṣí yàtọ̀ sí ilé tí owó wà. Sà, ṣé ẹ ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un lọ́jọ́ náà? Ọ̀rọ̀ ti ara yín, tí kò sí lórí bébà?"

Yéè! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn ni. Ọ̀rẹ́ mi ti sọ ọ́. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ kẹtàlá kún un láti inú orí ara mi, pé bí olè bá tiẹ̀ rí bébà, òfo ni yóò bá. Ó ní kí n má kọ ọ́ síbì kankan. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo fi ọ̀rọ̀ sí i, mi ò sì kọ ọ́ síbì kankan. Mo wá gbàgbé ọ̀rọ̀, mo tún gbàgbé pé mo fi ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Mo ní, "Bí mo bá tẹ èyí tí kì í ṣe òun, ṣé á sọ fún mi pé mo kùnà?"

"Kò ní sọ, sà. Ọ̀rọ̀ tó bá wù yín kí ẹ tẹ̀, á ṣí ilé kan fún yín. Ilé òfo ni yóò kàn jẹ́."

"Ọ́fíìsì wọn ńkọ́? Ọ̀gá wọn?"

"Kò sí ọ́fíìsì. Kò sí ọ̀gá. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín sínú. "Ó ní nọ́ńbà nínú díẹ̀, sà, ṣùgbọ́n mo rò pé mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa." Mo ní ó ṣe é dáadáa. Mo ní kó má bínú nípa ti méjì nínú ogún.

Ọjọ́ méjì tó kù kí Sátidé tó dé ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀. Ìdánwò tí kì í fi àmì ìkùnà síbẹ̀, mi ò rí irú ìwà bẹ́ẹ̀ rí. Mo tẹ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ mi, òfo. Mo tẹ orúkọ odò tí a ti ń wẹ̀ ní kékeré, òfo. Mo tẹ orúkọ ajá mi tó ti kú. Mo tẹ ìlú ìyá mi àti oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jù. Mo jókòó ti tábìlì, mo tẹ orúkọ ìyàwó mi, mo sì ṣàṣìṣe jíjẹ́ kó rí mi. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo òfo yẹn.

Ó ní, "Kì í ṣe orúkọ mi?"

"Ó jọ pé kì í ṣe òun."

"Orúkọ obìnrin wo wá ni?"

Mo ní kì í ṣe orúkọ obìnrin kankan. Ó ní ta ló sọ fún mi, ṣebí mo ní mo ti gbàgbé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni mo bu oúnjẹ fún ara mi.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, mi ò rí ọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ lójú títì. Mo wò lójú fèrèsé, mo rí wọn tí wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé kí n kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà, kí n rí owó, kí n gbé páànù lọ bá a, kí ẹ̀bẹ̀ mi lè ní ojú. Mo rí i pé kò sí àkókò mọ́. Mo sáré sọdá títì pẹ̀lú aṣọ tí mo fi sùn.

Ó wà nínú ilé lẹ́nu ọ̀nà, àpótí ti wà lórí rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó ilé níwájú àdúgbò, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Ẹ dìde, Tíṣà. Aṣọ yín á dọ̀tí."

Mo ní, "Owó náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé e. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ tì í, tí mo gbàgbé ọ̀rọ̀, tí mo wá purọ́ mọ́ yín. Mi ò tíì rántí rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí n má rántí mọ́ láé. Kì í ṣe nítorí owó ni mo ṣe wá. Ẹ dárí jì mí, ẹ má lọ."

"Ó dáa. Mo ti gbọ́. Ẹ yà fún mi kí n kọjá."

Awakọ̀ fun fèrè. Mo mọ̀ pé bí mo bá dìde pẹ́rẹ́, á kọjá. Mo bá yí ara mi, mo na gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà láti òpó dé òpó, orí mi lápá kan, ẹsẹ̀ mi lápá kejì. Mo ní, "Orí mi lẹ máa gbà kọjá o. Mi ò ní kúrò níbí." Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú. Adìyẹ kan wá wò mí lójú. Tíṣà ìṣirò tó lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, mo sùn sílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbọ́ tí ó sọ àpótí kalẹ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan kan ń dún lọ́fun rẹ̀, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó sì pe orúkọ mi. Orúkọ tó fún mi.

Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ló ti fún mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá láti Òkè-Bùkún, wọ́n ti bu omi tí wọ́n máa fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi ọmọ ọdún méje sì lọ sùn gbalaja síbẹ̀, torí ẹnì kan ti sọ fún mi pé òun ló máa gba ipò mi lórí ẹní ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n lé mi, mo kọ̀. Ìyàwó tuntun yẹn ló lóṣòó, ó tú etí ìró, ó fún mi ní kúlìkúlì, ó sì sọ mí lórúkọ tí gbogbo ilé fi rẹ́rìn-ín. Mo jẹ kúlìkúlì, mo sì yà fún un.

Mo gbọ́ orúkọ náà lórí ilẹ̀ níbẹ̀, ara mi bù máṣọ. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ní kí n wá ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ò lè mọ̀, àárọ̀ ni. Obìnrin yìí ló ń pè mí láti òdìkejì títì lọ́wọ́ yẹn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè."

Ó tún un pè. Mi ò dìde. Mo fa fóònù yọ lápò ṣòkòtò, mo dojú bolẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Àpò ṣí. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo gbé e sókè sí i. Mo ní orúkọ yẹn ni. Mo ní páànù ilé yìí ni, òun ni mo ń rà á fún láti ọjọ́ yìí wá.

Ó wo fóònù, kò rí nǹkan kan tó yé e níbẹ̀. Ó wo èmi. Ó ní, "Ìwọ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi lo fi ti ilẹ̀kùn, o sì wá bá mi nílé pé mo jí ohun tó wà nínú rẹ̀." Omijé wá bọ́ lójú rẹ̀ wàyí, lójú èmi náà. Ó ju ẹsẹ̀ sí mi níbàdí, jẹ́jẹ́. "Dìde. Lọ sọ fún wọn kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì mi padà."

Páànù tuntun ti wà lórí ilé báyìí. Oníṣẹ́ fóònù ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ láràárọ̀ kì í ṣe àṣírí rárá, pé a ò lè kàn yí i padà, àfi ká ṣí àpò mìíràn ká kó ohun tó kù síbẹ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀. Bébà tuntun wà nínú àpótí, láàárín àwọn aṣọ Bùnù. Ọ̀rọ̀ kẹtàlá tuntun, mo sọ ọ́ sí ìyàwó mi létí. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá orúkọ òun ni.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lóru ọjọ́ kan. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo lọ dúró sójú fèrèsé. Mo rí àwọn abọ́ mọ́kànlá tí ó dojú wọn dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta, agbada ńlá wà lókè wọn. Ó ń gbá omi òjò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó nàró, ó gbé ohùn sókè, ó pe orúkọ yẹn, ó ní okun o. Mo ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀, mo máa ń jẹ́ kó pè é lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn.